Ilé Là Ń Wò: Lẹ́tà Ṣíṣí Lórí Àyẹ̀wò Ìtọ́jú Ọmọ Nínú Ẹjọ́ Ìkọ̀sílẹ̀

Sí àwọn Adájọ́ Àgbà ìpínlẹ̀ Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Òǹdó àti Èkìtì. Sí àwọn alága kóòtù ìbílẹ̀ ní àwọn ìpínlẹ̀ náà. Sí àwọn kọmíṣọ́nà tí ètò ìtọ́jú ọmọ wà lábẹ́ wọn. Àti sí gbogbo òbí tí ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ wọn ń lọ lọ́wọ́.

Bí tọkọtaya bá gbé ara wọn lọ sí kóòtù láti tú ìgbéyàwó ká, ìbéèrè méjì ni adájọ́ ń dáhùn. Èkíní ni bóyá ìdí tó tẹ́ òfin lọ́rùn wà tí ìgbéyàwó náà fi gbọ́dọ̀ tú. Èkejì ni ibi tí àwọn ọmọ yóò máa gbé, ẹni tí yóò máa bọ́ wọn tí yóò sì máa sanwó ilé ìwé wọn, àti ìgbà tí òbí kejì yóò máa rí wọn. Ìbéèrè èkíní kan ọkọ àti aya. Èkejì kan ẹni tí kò pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́, tí kò ní lọ́yà, tí wọn kò sì fi ọ̀rọ̀ lọ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ ìwé ẹ̀sùn. Nítorí ẹni yìí ni òfin ṣe fún adájọ́ láṣẹ láti rán òṣìṣẹ́ ìtọ́jú àwùjọ, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní wẹ́fíà, pé kó lọ wo ilé, kó bá òbí àti ọmọ sọ̀rọ̀, kó sì kọ ohun tó rí wá fún kóòtù. Lẹ́tà yìí dá lé àyẹ̀wò náà: ohun tí òfin sọ nípa rẹ̀, ohun tí òṣìṣẹ́ ń wò, bó ṣe yẹ kí òbí múra dè é, àti ohun tó yẹ kí ìjọba ṣe kó lè ṣe ọmọ láǹfààní.

Òfin tó bí àyẹ̀wò náà

Irú ìgbéyàwó tí tọkọtaya ṣe ló ń sọ kóòtù tí ẹjọ́ wọn yóò gbà lọ. Ìgbéyàwó rẹ́jísírì, tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún ní ìwé àṣẹ, wà lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 1970 tí àwọn lọ́yà ń pè ní Matrimonial Causes Act. Ilé Ẹjọ́ Gíga nìkan ló lè tú u ká. Ìgbéyàwó ìbílẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe pẹ̀lú ìdáná àti owó orí láìsí ìwé ìjọba, ni kóòtù ìbílẹ̀ lágbára lé lórí. Àṣẹ tí kóòtù ìbílẹ̀ bá pa lórí ìgbéyàwó rẹ́jísírì kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Òbí tó bá gbé ẹjọ́ lọ síbi tí kò yẹ yóò padà wá bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo àkókò yẹn ni ọmọ yóò sì fi wà láìmọ ibi tí òun yóò fìdí kalẹ̀ sí.

Abala 71 nínú òfin 1970 náà sọ ọ́ láìfi epo bọ iyọ̀ pé nínú ẹjọ́ ìtọ́jú ọmọ, ire ọmọ ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú ohun gbogbo. Abala kan náà ló gba adájọ́ láyè láti dá ẹjọ́ dúró títí òṣìṣẹ́ wẹ́fíà yóò fi mú àbọ̀ ìwádìí wá, kó sì gba àbọ̀ náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ó tún gbà á láyè láti fi ọmọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn tí kì í ṣe bàbá tàbí ìyá, bí ire ọmọ bá béèrè bẹ́ẹ̀. Abala 57 sì sọ pé bí tọkọtaya bá ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16, ìkọ̀sílẹ̀ wọn kò ní fìdí múlẹ̀ pátápátá títí adájọ́ yóò fi kéde pé ètò tó dára wà nílẹ̀ fún ọmọ náà.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 kún èyí. Abala 69 rẹ̀ ní kí kóòtù wo ire ọmọ, kó wo ìwà òbí, kó sì gbọ́ ohun tí bàbá àti ìyá ń fẹ́ kó tó pàṣẹ. Òfin náà dá Kóòtù Ẹbí sílẹ̀ ní ìpele méjì, ti Ilé Ẹjọ́ Gíga àti ti Májísíréètì. Kóòtù náà kì í ṣí ìlẹ̀kùn fún èrò ìwòran, a kò sì gbọdọ̀ tẹ orúkọ tàbí àwòrán ọmọ tí ẹjọ́ kàn jáde. Àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ti sọ òfin yìí di tiwọn. Ti Èkó jáde ní 2007.

Ní ti kóòtù ìbílẹ̀, àṣà Yorùbá ka ọmọ sí ti ilé baba, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọ ọwọ́ ń wà títí wọn yóò fi já a lẹ́nu ọmú. Ṣùgbọ́n àṣà yìí kọ́ ló ń dá ẹjọ́ parí. Òfin tó gbé kóòtù ìbílẹ̀ kalẹ̀ náà fi ire ọmọ ṣáájú, ọ̀pọ̀ ìgbà sì ni àwọn kóòtù bẹ́ẹ̀, irú èyí tó wà ní Mápó ní Ìbàdàn, ti fi ọmọ sílẹ̀ sọ́dọ̀ ìyá tí wọ́n sì pàṣẹ fún bàbá pé kó máa sanwó oúnjẹ àti ti ilé ìwé. Bàbá tó bá fọkàn balẹ̀ pé ọmọ kò lè bọ́ lọ́wọ́ ilé òun ń tan ara rẹ̀ jẹ. Ìyá tó bá gbà pé ọmọ kékeré kò lè kúrò lọ́dọ̀ òun láéláé náà ń tan ara rẹ̀ jẹ. Òótọ́ ni pé kóòtù sábà máa ń fi ọmọ kékeré sọ́dọ̀ ìyá, ṣùgbọ́n bí ìdí gidi bá wà láti ṣe òmíràn, yóò ṣe é.

Ohun tí òṣìṣẹ́ ń wò

Òbí púpọ̀ rò pé owó ló ń pinnu ibi tí ọmọ yóò wà. Nínú ìdájọ́ kan tí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ṣe ní 1992, àwọn adájọ́ ṣàlàyé pé aṣọ dáadáa, ẹ̀rọ amúlétutù àti tẹlifíṣọ̀n kọ́ ni ire ọmọ. Ìdùnnú ọmọ àti ìdàgbàsókè ọkàn rẹ̀ ló wúwo jù. Láti inú irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ ni a ti mọ ohun tí kóòtù ń wá, òun náà sì ni òṣìṣẹ́ ń wá kiri nígbà tó bá dé ilé.

Ó ń wo bí ọmọ ṣe mọ òbí kọ̀ọ̀kan tó, àti ìfẹ́ tó wà láàárín wọn. Ó ń wo ẹni tó ń jí ọmọ láàárọ̀, tó ń wẹ̀ fún un, tó ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, tó sì ń bá a ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ó ń wo ọjọ́ orí ọmọ, ìlera rẹ̀ àti ilé ìwé rẹ̀, pàápàá bóyá ìpinnu kóòtù yóò já a kúrò láàárín àwọn olùkọ́ àti ọ̀rẹ́ tó ti mọ́ ọn lára. Ó ń wo bóyá tẹ̀gbọ́n-tàbúrò yóò lè wà pọ̀. Ó ń wo iṣẹ́ àti owó tó ń wọlé fún òbí, kì í ṣe láti mọ ẹni tó lọ́lá jù, bí kò ṣe láti mọ̀ bóyá oúnjẹ, aṣọ àti owó ilé ìwé kò ní wọ́n ọmọ. Ó ń wo àwọn tó kù nínú ilé: ìyá àgbà, àbúrò òbí, ọmọ ọ̀dọ̀, ìyàwó tuntun tàbí ọkọ tuntun. Ó sì ń wo bóyá òbí tí ọmọ bá wà lọ́dọ̀ rẹ̀ yóò gbà kí ọmọ máa rí òbí kejì.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ohun tí kóòtù ń ṣe kò jìnnà sí i: ó ń wo ilé kó tó sọ ibi tí ọmọ yóò gbé. Ìdí nìyí tí ìmúra òbí kò fi lè jẹ́ ìmúra ìdíje. Òbí tó bá ń kó ẹ̀sùn jọ lórí ẹnìkejì rẹ̀ kò tíì múra. Èyí tó bá mọ bí ọjọ́ ọmọ rẹ̀ ṣe ń lọ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, tó sì lè sọ bí yóò ṣe máa lọ lẹ́yìn ìkọ̀sílẹ̀, ló ti múra.

Ìwé tó yẹ kó wà nílẹ̀

Ọ̀rọ̀ ẹnu kì í pẹ́ di àríyànjiyàn ní kóòtù. Ìwé ló ń dúró. Ohun àkọ́kọ́ ni ìwé ẹ̀rí ìbí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára, ìwé ilé ìwòsàn, àti èsì àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù. Bí ọmọ bá jẹ́ SS, tàbí tó ní ikọ́ fée, wárápá tàbí àìsàn mìíràn tó ń béèrè ìtọ́jú lójoojúmọ́, òbí gbọ́dọ̀ lè sọ oògùn tó ń lò, ilé ìwòsàn tó ń lọ, àti ohun tí wọ́n ń ṣe bí àìsàn bá dé lóru. Kò sí ibi tó ti ń tètè hàn pé òbí kan ló ń tọ́jú ọmọ tí ẹnìkejì kàn ń gbọ́ nípa rẹ̀ bí ibí yìí.

Ìwé èsì ìdánwò ọmọ láti ilé ìwé náà wúlò, pẹ̀lú rìsíìtì owó tí òbí ti san. Òṣìṣẹ́ ìjọba àti ti ilé iṣẹ́ aládàáni lè mú ìwé owó oṣù wá. Oníṣòwò ọjà, awakọ̀ tàbí oníṣẹ́ ọwọ́ tí kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè mú àkọsílẹ̀ bánkì, ìwé àjọ tàbí ìwé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wá. Ìwé àdéhùn ilé àti rìsíìtì owó ilé ń fi hàn pé ibi tí òbí ń gbé kì í ṣe ibi tó sá sí fúngbà díẹ̀.

Ó tún dára kí òbí ní ìwé kékeré kan tó ń kọ ọjọ́ sí: ọjọ́ tó sanwó, ọjọ́ tó lọ sí ìpàdé òbí nílé ìwé, ọjọ́ tó yẹ kó rí ọmọ àti bóyá ó rí i. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìkan ni kó wà níbẹ̀, kì í ṣe èébú. Ìwé èké kankan kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀. Rìsíìtì tí wọ́n yí ọjọ́ rẹ̀ padà, tàbí ìwé ìbúra tí irọ́ wà nínú rẹ̀, máa ń ba èyí tó jẹ́ òtítọ́ jẹ́ pẹ̀lú, nítorí adájọ́ tó bá ti rí irọ́ kan kò ní fọkàn tán ìyókù mọ́.

Ilé àti àwọn ará ilé

Ilé tí òṣìṣẹ́ fẹ́ rí kò nílò àtúnṣe olówó ńlá. Yàrá kan tó mọ́, tí ọmọ ti ní ibi tó ń sùn sí, tí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn wà, tí omi mímu wà, sàn ju ilé alájà mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kò sí níbẹ̀ tí ọmọ bá ti ilé ìwé dé. Ohun tó lè ṣe ọmọ léṣe ni kí òbí kọ́kọ́ mú kúrò: kànga tí kò ní ìdérí, jẹnẹrétọ̀ tí èéfín rẹ̀ ń wọ yàrá, sílíńdà gáàsì tó wà níbi tí ọmọ ń sùn, oògùn àti kẹ́míkà tí ọwọ́ ọmọ lè tó. Bí àwọn ọmọ bá ti ń bàlágà, kí ètò wà tí ọkùnrin àti obìnrin kò fi ní máa sùn pọ̀. Ìwé, bàtà àti aṣọ ilé ìwé ọmọ yẹ kó ní ibi tí wọ́n ń gbé.

Lẹ́yìn ilé ni àkókò. Nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ òru, awakọ̀ tó ń jáde kílẹ̀ tó mọ́, àti oníṣòwò tó ń ná ọjà ìlú mìíràn lọ́sẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìdáhùn sí ìbéèrè kan: ta ló wà pẹ̀lú ọmọ nígbà tí òbí kò sí nílé? Ìyá àgbà, àǹtí tàbí alábàágbé tó ṣeé fọkàn tán kì í ṣe àbùkù. Ojú méjì ní í bímọ, igba ojú ní í tọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá dárúkọ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé wọ́n dárúkọ òun, kó ti gbà, kó sì lè bá òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀. Bí ẹ̀rí bá fi hàn pé ìyá àgbà ni yóò tọ́ ọmọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, adájọ́ yóò béèrè ìdí tí òbí fi ń béèrè ọmọ náà.

Bí òbí bá ti ní ìyàwó tàbí ọkọ tuntun, kí ó má fi pamọ́. Òṣìṣẹ́ fẹ́ mọ bí ẹni náà ṣe ń ṣe sí ọmọ, ìwà rẹ̀ àti ìbágbé rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ tirẹ̀. Ẹni tó bá sá wọ yàrá nígbà àyẹ̀wò ni yóò di ọ̀rọ̀ nínú àbọ̀. Òbí tó ń gbé òkè òkun náà gbọ́dọ̀ ní ètò tó dájú: bóyá ọmọ yóò bá a lọ, ìwé ìrìnnà tó wà nílẹ̀, ilé ìwé tí yóò wọ̀, àti bí òbí tó kù nílé yóò ṣe máa rí i. Pé òbí ní òun ń bọ̀ wá mú ọmọ láìpẹ́ kò tó.

Ọmọ fúnra rẹ̀

Ibi tí òbí ti ń ṣe ọmọ léṣe jù nínú àyẹ̀wò ni ibi tó ti ń kọ́ ọ ní ohun tí yóò sọ. Àwọn tó ń bá ọmọ ṣiṣẹ́ máa ń tètè mọ̀. Ọmọ ọdún 7 kì í lo ọ̀rọ̀ tí lọ́yà ń lò. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kì í sọ gbólóhùn kan náà, ẹyọ ọ̀rọ̀ fún ẹyọ ọ̀rọ̀, láìjẹ́ pé ẹnìkan ló fi sí wọn lẹ́nu. Ọmọ tí wọ́n kọ́ ní irọ́ nípa bàbá tàbí ìyá rẹ̀ yóò gbé irọ́ náà lọ́kàn fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí ẹjọ́ bá ti parí.

Ohun tó yẹ kí ọmọ gbọ́ kò pọ̀: pé bàbá àti ìyá kò ní máa gbé pọ̀ mọ́, pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, pé àwọn méjèèjì ṣì fẹ́ràn rẹ̀, pé ẹnìkan ń bọ̀ wá bá a sọ̀rọ̀, kó sọ òtítọ́, kò sì sí ìdáhùn tí yóò bí ẹnikẹ́ni nínú. Ẹ̀bùn ńlá kò gbọdọ̀ dé lọ́sẹ̀ àyẹ̀wò. Lẹ́yìn àyẹ̀wò, a kì í fi ọ̀rọ̀ wá ọmọ lẹ́nu wò pé kí lo sọ. A kò sì gbọdọ̀ ní kó yan ẹni tó fẹ́ràn jù.

Gbígbọ́ ohùn ọmọ yàtọ̀ sí gbígbé ìpinnu lé e lórí. Ìwé Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 1989, tí Nàìjíríà fi òǹtẹ̀ lù ní 1991, sọ pé ọmọ tó lè ní èrò tirẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti sọ ọ́ nínú ẹjọ́ tó kàn án, kí wọ́n sì ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí àti òye rẹ̀. Òfin 2003 náà fẹ́ kí kóòtù jẹ́ ibi tí ara yóò ti rọ ọmọ láti sọ̀rọ̀. Adájọ́ lè gbọ́ ọmọ nínú yàrá iṣẹ́ rẹ̀, níbi tí òbí méjèèjì kò ti ní máa wò ó lójú.

Ìwà sí òbí kejì

Yorùbá ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Òwe náà lè jẹ́ òótọ́ fún àwọn tó ń jà du ilẹ̀ tàbí gbèsè. Bàbá àti ìyá ọmọ kan náà kò lè tẹ̀ lé e délẹ̀, nítorí ọjọ́ ìdánwò yóò dé, àìsàn yóò dé, ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ náà yóò sì dé, àwọn méjèèjì ni wọn yóò sì wá. Kò pọn dandan kí wọ́n di ọ̀rẹ́. Ohun tó pọn dandan ni kí wọ́n lè sọ̀rọ̀ nípa ọmọ láìsí ìjà.

Òbí tó gbé ọmọ sá kúrò ní ìlú láìsọ fún ẹnìkejì, tó yọ ọ́ nílé ìwé, tàbí tó ní kí ìyá àgbà má jẹ́ kí òbí kejì wọlé, ti ba ẹjọ́ ara rẹ̀ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ tó dé. Èyí tó dáwọ́ owó ilé ìwé dúró pé òun ń retí ìdájọ́ náà ti ṣe ohun kan náà. Ọ̀rọ̀ tí òbí bá kọ sórí WhatsApp tàbí Facebook lè di ẹ̀rí ní kóòtù. Ó yẹ kí òbí kọ gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ bí ẹni tó mọ̀ pé adájọ́ yóò kà á: kó sọ nípa àkókò, ilé ìwé, ìlera àti owó, kó sì dúró níbẹ̀. Ẹbí ìhà méjèèjì pẹ̀lú gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí, nítorí ẹnu àna ti ba ọ̀pọ̀ ẹjọ́ jẹ́.

Ibi tí lílù àti ìhalẹ̀ ti wà

Gbogbo ohun tí a ti sọ nípa ìbáṣepọ̀ kò kan ilé tí wọ́n ti ń lu ènìyàn. Ìyá tàbí bàbá tí wọ́n ń lù, tàbí tí ọmọ rẹ̀ ń jìyà, kò sí lábẹ́ dandan láti fi ara rẹ̀ sínú ewu nítorí kó lè dára lójú òṣìṣẹ́. Èkó ní òfin ààbò lọ́wọ́ ìwà ipá nínú ilé láti 2007, ìjọba àpapọ̀ sì ṣe òfin lórí ìwà ipá sí ènìyàn ní 2015. Kóòtù lè tipasẹ̀ irú òfin bẹ́ẹ̀ pàṣẹ ààbò. Ìwé ilé ìwòsàn, àwòrán ojú ọgbẹ́, àbọ̀ ọlọ́pàá àti ẹ̀rí alábàágbé ni kí wọ́n tọ́jú. Kí wọ́n sọ fún lọ́yà àti òṣìṣẹ́ ní kíákíá, kí wọ́n má bàa fi àwọn òbí méjèèjì jókòó sójú kan láti fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò. Ní Èkó, àjọ tó ń gbógun ti ìwà ipá nínú ilé àti ìfipábánilòpọ̀ ń ran irú òbí bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò obìnrin, FIDA, àti Legal Aid Council náà wà fún ẹni tí kò lówó lọ́yà. Bí ìbẹ̀wò òbí kejì sọ́dọ̀ ọmọ bá ṣì ṣeé ṣe, adájọ́ lè pàṣẹ pé kó jẹ́ lójú ẹlòmíràn.

Ẹ̀sùn lílù tí kò ṣẹlẹ̀ rí jẹ́ ìwà burúkú sí ọmọ, ó sì ń jẹ́ kí wọ́n máa ṣiyèméjì sí àwọn tí wọ́n ń lù lóòótọ́.

Ọjọ́ àyẹ̀wò àti lẹ́yìn rẹ̀

Òṣìṣẹ́ lè wá ní ọjọ́ tí wọ́n dá, ó sì lè yà láìsọ tẹ́lẹ̀. Ó lè dé ilé ìwé ọmọ kó sì béèrè lọ́wọ́ olùkọ́. Kí òbí dáhùn ohun tí wọ́n bi í, kó sọ ohun tó mọ̀, kó sì gbà pé òun kò mọ èyí tí kò mọ̀. Bí ìbéèrè bá kan àléébù rẹ̀, irú bí ọtí, ìbínú tàbí gbèsè, ìdáhùn tó dára ni òtítọ́ pẹ̀lú ohun tó ti ṣe láti yí padà. Kí ó sọ ohun rere tí òbí kejì ń ṣe fún ọmọ, bí ó bá wà. Òbí tí Yorùbá dá lẹ́nu jù ní ẹ̀tọ́ láti fi Yorùbá dáhùn. Owó, ẹ̀bùn tàbí oúnjẹ àlejò ńlá kò gbọdọ̀ wọ inú ọ̀rọ̀ náà, nítorí gbogbo rẹ̀ ló lè di ẹ̀sùn.

Àbọ̀ òṣìṣẹ́ kì í ṣe ìdájọ́. Adájọ́ yóò kà á pẹ̀lú ẹ̀rí mìíràn, ó sì lè má tẹ̀ lé e. Kí òbí àti lọ́yà rẹ̀ kà á dáadáa, kí wọ́n tọ́ka sí ohun tó jẹ́ àṣìṣe, bí ọjọ́ tí kò tọ́ tàbí ẹni tí wọn kò bá sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì fi ìwé gbè é lẹ́sẹ̀. Àwọn àgbà tó ní agbọ́ẹjọ́-ẹnìkan-dá ni àgbà òṣìkà kò yọ àbọ̀ wẹ́fíà sílẹ̀: àbọ̀ tí òṣìṣẹ́ kọ láìdé ilé kejì kò tíì pé. Bákan náà, àṣẹ ìtọ́jú ọmọ kì í ṣe ti ayérayé. Bí ipò nǹkan bá yí padà, tí òbí kó lọ, tí ó ṣàìsàn, tàbí tí ọmọ dàgbà, kóòtù lè tún àṣẹ náà ṣe.

Ohun tí ibòmíràn ń ṣe

Ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ti la irú àyẹ̀wò yìí kọjá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àjọ kan tó ń jẹ́ Cafcass ló ń ṣe é láti 2001. Kí ìjókòó àkọ́kọ́ tó wáyé, àjọ náà a béèrè lọ́wọ́ ọlọ́pàá àti ìjọba ìbílẹ̀ bóyá ewu kan wà, a sì bá òbí kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Bí adájọ́ bá fẹ́ mọ̀ sí i, a ní kí wọ́n kọ àbọ̀ kíkún. Òfin Ọmọdé wọn ti 1989 to ohun méje tí adájọ́ gbọ́dọ̀ wò lẹ́sẹẹsẹ: ohun tí ọmọ ń fẹ́, àìní rẹ̀, bí àyípadà yóò ṣe kàn án, ọjọ́ orí àti irú ẹni tó jẹ́, ewu tó ti rí tàbí tó lè rí, agbára òbí láti tọ́jú rẹ̀, àti irú àṣẹ tí kóòtù lè pa. Ẹnikẹ́ni ló lè ka àkójọ yìí kí ẹjọ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀, kóòtù sì lè yan onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá láti ṣe àyẹ̀wò náà. Kò pọn dandan kí ilẹ̀ Yorùbá ṣe bíi ti wọn nínú ohun gbogbo. Ohun tó yẹ ká mú níbẹ̀ ni pé òbí ti mọ ohun tí wọn yóò wò kí wọ́n tó wá wò ó.

Ohun tí lẹ́tà yìí ń béèrè

Èkíní, kí Adájọ́ Àgbà ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, tí yóò to ohun tí òṣìṣẹ́ wẹ́fíà ń wò lẹ́sẹẹsẹ, kí akọ̀wé kóòtù sì máa fi lé òbí méjèèjì lọ́wọ́ ní ọjọ́ tí ìwé ẹ̀sùn bá wọlé. Òbí tó mọ ohun tí a ń wò yóò tún ilé ọmọ rẹ̀ ṣe. Èyí tí kò mọ̀ yóò máa fi ẹ̀rù jagun.

Èkejì, kí àkókò tó dájú wà tí àbọ̀ gbọ́dọ̀ dé kóòtù, kí òbí méjèèjì sì rí ẹ̀dà rẹ̀ gbà kí wọ́n tó gbọ́ ẹjọ́, àyàfi ibi tí ewu bá wà fún ọmọ.

Ẹ̀kẹta, kí òṣìṣẹ́ má ṣe fọwọ́ sí àbọ̀ kankan láìdé ilé méjèèjì, láìbá ọmọ sọ̀rọ̀ lóun nìkan bí ọjọ́ orí rẹ̀ bá tó bẹ́ẹ̀. Kí àwọn kọmíṣọ́nà pèsè ọkọ̀ àti owó ìrìnnà fún iṣẹ́ náà, kó má bàa sí ìdí tí òbí kan yóò fi gbé òṣìṣẹ́ dé ilé ara rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí àwọn kóòtù ìbílẹ̀ náà máa lo òṣìṣẹ́ wẹ́fíà. Ibẹ̀ ni ìgbéyàwó ọ̀pọ̀ mẹ̀kúnnù ti ń tú ká, níbi tí ìdájọ́ lórí ọmọ ti lè parí láàárín ìjókòó díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan. Ọmọ oníṣòwò ojú pópó nílò kí ẹnìkan wo ilé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọlọ́lá ṣe nílò rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, kí kóòtù kọ̀ọ̀kan tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ yìí ní yàrá kan tí ọmọ ti lè sọ̀rọ̀ láìsí èrò, kí a sì dẹ́kun pípe ọmọ síwájú gbogbo ènìyàn láti sọ ẹni tó fẹ́ bá lọ.

Ẹ̀kẹfà, kí òṣìṣẹ́ kan náà padà lọ wo ọmọ lẹ́yìn ìdájọ́, kó sì jábọ̀ fún kóòtù bóyá àṣẹ tí wọ́n pa ń ṣiṣẹ́: bóyá ọmọ ń lọ sí ilé ìwé, bóyá owó oúnjẹ ń dé, bóyá òbí kejì ń rí i. Òfin ti fún adájọ́ lágbára láti tún àṣẹ ṣe. Ìròyìn tó péye láti ilé ọmọ ni yóò jẹ́ kó lè lo agbára náà lásìkò.